Báwo Ni Màá Ṣe Mọ Iná Sólà Tó Tó Ilé Mi, Ta Sì Ni Kí N Gbé Iṣẹ́ Náà Fún?

Ìbéèrè yìí wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Kòsọ́fẹ́ ní Èkó báyìí, láti Kétu dé Ìkòsì, láti Alápẹ̀rẹ̀ dé Mile 12. Ohun tó fà á kò fara sin. Ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó epo tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ń mu lálẹ́ ọjọ́ kan sì fò sókè. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná nígbà náà, gbé owó yúníìtì kan fáwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225. Kò sì sí ẹni tó lè fi gbogbo ara gbọ́kàn lé iná ìjọba. Lábẹ́ ètò tí NERC là sílẹ̀, Band A yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Wákàtí 4 péré ni ti Band E.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti wá ra sólà. Inú àwọn kan ń dùn. Àwọn mìíràn ń ráhùn pé fìríìjì kì í gbéra lóru, pé bátìrì tí wọ́n ní yóò lo ọdún mẹ́wàá ti kú ní ọdún kejì, pé gbogbo iná ilé ń kú bí wọ́n bá ti tan pọ́ǹpù omi. Ọjà ayédèrú lè wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó jókòó ṣe ìṣirò kí wọ́n tó náwó. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Inú ilé la ti ń bẹ̀rẹ̀ ètò sólà kí a tó dé ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá sì gbà láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ló yẹ kí a gbé iṣẹ́ fún. Orí yìí yóò fi bí ìṣirò náà ṣe ń lọ hàn yín, nítorí ẹni tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀ kò ní pẹ́ dá oníṣẹ́ gidi mọ̀.

Ohun mẹ́ta tí ètò náà dúró lé

Ẹ wo bí omi ṣe ń dé inú ilé tó ní bọ́họ́ọ̀lù. Pọ́ǹpù ń fa omi láti inú ilẹ̀, táǹkì orí òpó ń tọ́jú rẹ̀, páìpù ń gbé e dé ibi tí a ti ń lò ó. Bí pọ́ǹpù bá kéré, táǹkì kò ní kún. Bí táǹkì bá kéré, omi yóò tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí páìpù bá tín-ín-rín, táǹkì lè kún dẹ́nu kí omi ṣì máa kán tó, tó, tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni sólà rí. Páànẹ́lì orí òrùlé ni pọ́ǹpù, bátìrì ni táǹkì, ẹ̀rọ inverter ni páìpù. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè bo àṣìṣe èkejì.

Inú páànẹ́lì ni àwọn pẹlẹbẹ sílíkọ́nù wà. Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá kan sílíkọ́nù, ó máa ń tú àwọn ẹ̀yà tíntìntín kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, èyí tí a ó máa pè ní kóró iná. Wọ́n ti ṣe ojú méjèèjì pẹlẹbẹ náà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó fi jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni àwọn kóró iná wọ̀nyí máa ń ṣàn gbà jáde. Àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tó wúlò dáadáa, lọ́dún 1954. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà, ooru kọ́.

Iná tó ń ti ara páànẹ́lì àti bátìrì jáde jẹ́ iná ọ̀nà-kan: síwájú nìkan ló ń ṣàn. Iná tí Ikeja Electric ń gbé wá sí Kòsọ́fẹ́ jẹ́ iná alọ-àbọ̀: ó ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Iná alọ-àbọ̀ yìí ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ ohun èlò ilé wa fún. Inverter ló ń sọ iná ọ̀nà-kan di iná alọ-àbọ̀ kó tó dé ìdí fáànù àti fìríìjì.

Wáàtì àti yúníìtì

Wáàtì ń sọ bí ohun èlò kan ṣe ń yára jẹ iná tó. Yúníìtì ń sọ àpapọ̀ iná tó jẹ. Yúníìtì yìí kan náà ni a ń rà sórí mítà. Ohun èlò tó ní wáàtì 1,000 yóò jẹ yúníìtì kan bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Fáànù oníwáàtì 60 yóò fẹ́ wa fún ohun tó lé ní wákàtí 16 kó tó jẹ yúníìtì kan, nígbà tí áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,200 yóò ti jẹ ẹ́ tán ní ìṣẹ́jú 50.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni a ní láti bi ilé. Àkọ́kọ́: wáàtì mélòó ni yóò máa ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ìdáhùn rẹ̀ ló ń sọ bí inverter yóò ṣe tóbi tó. Ìkejì: yúníìtì mélòó ni ilé ń jẹ lójúmọ́, mélòó nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ ti òru? Ìyẹn ló ń sọ iye páànẹ́lì àti bátìrì. Ẹni tó bá ní “inverter 5 KVA lẹ nílò” tí kò béèrè ìkejì, páìpù nìkan ló wọ̀n, kò wo táǹkì.

Ẹ ka ohun tó wà nínú ilé

Ẹ mú bébà, kí ẹ máa ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ohun èlò kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa wò. Ti fìríìjì sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀, tàbí lẹ́yìn, nítòsí mọ́tò dúdú roboto tó wà nísàlẹ̀. Eruku á ti bo èyí tó wà lẹ́yìn; ẹ yọ wáyà fìríìjì kúrò lára iná, ẹ fi aṣọ nù ún, kí ẹ tan iná fóònù sí i. Iye tó ṣáájú lẹ́tà W ni wáàtì.

Ká fi fúláàtì oníyàrá mẹ́ta kan ní Ìkòsì ṣe àpẹẹrẹ:

Gílóòbù LED 10, wáàtì 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 5: yúníìtì 0.5.
Fáànù 3, wáàtì 60 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 10: yúníìtì 1.8.
Tẹlifíṣọ̀n kan, wáàtì 100, fún wákàtí 6: yúníìtì 0.6.
Fìríìjì kan, tọ̀sán-tòru: bíi yúníìtì 1.5.
Fóònù, kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì: yúníìtì 0.5.
Pọ́ǹpù omi, wáàtì 1,000, fún ìdajì wákàtí: yúníìtì 0.5.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ yúníìtì 5.4 lójúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìṣirò yín kò jìnnà sí òtítọ́, ẹ lọ wo mítà lọ́jọ́ tí iná kò lọ rárá: ẹ kọ iye tó wà lójú rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ tún wò ó ní àkókò yẹn gan-an lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó ń gbóná àti ohun tó ń tutù

Ẹ ó ti rí i pé kò sí kẹ́tùrù oníná, áyọ́ọ̀nù tàbí amúlétutù nínú àkójọ yẹn. Àwọn wọ̀nyí ni yóò sọ bóyá ètò sólà yóò wọ́n tàbí kò ní wọ́n. Kò sí ohun tó ń jẹ iná bíi kí a fi iná mú nǹkan gbóná. Ká ní a fẹ́ gbé omi ìwẹ̀ garawa onílíta 20 gbóná títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, iná tí yóò gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta yúníìtì kan lọ díẹ̀. Iná tó bá iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn lọ lè tan gílóòbù LED oníwáàtì 10 fún bíi wákàtí 35. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kí a fi gáàsì ìdáná gbé omi gbóná, kí a fi sólà sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́, fìríìjì àti fóònù. Bí áyọ́ọ̀nù kò bá ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ọ̀sán gangan ni kí a máa lọ aṣọ, nígbà tí páànẹ́lì ń mú iná wá gan-an, kí a má dúró di alẹ́ tí bátìrì nìkan wà lẹ́nu iṣẹ́.

Amúlétutù pẹ̀lú ń fẹ́ ìpinnu. Ẹyọ kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin kan àti ààbọ̀ máa ń lo bíi wáàtì 1,200 nígbà tí mọ́tò rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Bí a bá tan án mọ́jú, ó lè jẹ yúníìtì 6 sí 8, tó ju gbogbo ohun tí fúláàtì wa ń jẹ láti àárọ̀ dé àárọ̀ lọ. Kì í ṣe pé sólà kò lè gbé e. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó bá ní òun fẹ́ ẹ lóru ti sọ owó bátìrì di bíi ìlọ́po mẹ́ta, ó sì yẹ kó mọ̀ kó tó sanwó.

Bátìrì

Nínú yúníìtì 5.4 yẹn, bíi 3.4 ni ilé yóò jẹ láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀. Bátìrì ló ni iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n a kì í lo bátìrì gbẹ. Nínú bátìrì olómi tí wọ́n ń pè ní tubular, òjé àti ásíìdì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá ń fa iná láti inú rẹ̀ ni èérún kan máa ń lẹ̀ mọ́ òjé náà. Bí a bá tètè gba iná padà sínú rẹ̀, èérún yẹn á yọ́. Bí a bá fà á jìnnà tí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èérún náà á le, kò ní yọ́ mọ́, àyè tó kù fún iná á máa dín kù lójoojúmọ́. Ohun tó ń pa bátìrì ní ọdún kejì nìyí. Nítorí náà, ìdajì péré ni kí a máa lò nínú irú rẹ̀. Bátìrì tubular 200 Ah onífóólítì 12 ní yúníìtì 2.4 nínú, 1.2 ni ó yẹ kí a kà sí tiwa. Mẹ́ta fi díẹ̀ péré ju 3.4 lọ, kò ní fi àyè sílẹ̀ fún iná tó ń ṣòfò nínú inverter, nítorí náà fúláàtì Ìkòsì yóò nílò mẹ́rin.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kò ní wàhálà èérún yìí. A lè lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lójoojúmọ́ láì ṣe é ní jàǹbá, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹyọ kan tó ní yúníìtì 5 yóò gbé òru fúláàtì wa. Owó rẹ̀ ga níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ láyé jù.

Ibi tí a ó gbé bátìrì sí ṣe pàtàkì ní Kòsọ́fẹ́ ju ibòmíràn lọ. Odò Ògùn ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lọ sínú ọ̀sà, nígbà tí wọ́n bá sì ṣí omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀ lásìkò òjò, àgbàrá máa ń wọlé àwọn ará Mile 12, Agbóyì, Ajégúnlẹ̀ àti Owódé Onírin. Àgbàrá oṣù Kẹwàá ọdún 2010 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ìsàlẹ̀ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, kó wá àmì ibi tí omi gùn dé rí lára ògiri, kó sì gbé bátìrì àti inverter kọ́ sókè kọjá rẹ̀ dáadáa. Ooru pẹ̀lú ń gé ẹ̀mí bátìrì kúrú, nítorí náà kò yẹ nínú ilé ìdáná tàbí ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè wọlé.

Páànẹ́lì àti òrùlé

Oòrùn ń yọ láàárọ̀, ó ń wọ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í pé ní gbogbo wákàtí náà. Bí a bá kó ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan pọ̀, tí a sì fi wákàtí oòrùn kíkún, ìyẹn wákàtí tí oòrùn mú jù, wọ̀n ọ́n, Èkó máa ń rí bíi mẹ́rin lójúmọ́. Nínú oṣù Keje àti Kẹjọ tí ìkùukùu ń bo ojú ọ̀run, ó lè sún mọ́ mẹ́ta. Mẹ́ta yìí ni oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ yóò fi ṣe ìṣirò.

Bí iná ṣe ń ti páànẹ́lì dé ìdí fáànù, bíi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ń ṣòfò sínú wáyà, bátìrì àti inverter. Kí ilé tó rí 5.4, páànẹ́lì ní láti mú bíi 6.75 wá. Ní wákàtí oòrùn kíkún mẹ́ta, páànẹ́lì mẹ́rin oníwáàtì 550 yóò mú 6.6 wá, kò tíì tó; márùn-ún yóò mú 8.25 wá. Márùn-ún nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òrùlé kò ní ṣàìsọ tirẹ̀. Èkó wà ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé díẹ̀, nítorí náà ìhà gúúsù ló dára kí páànẹ́lì kọjú sí, kó sì dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀. A gbọ́dọ̀ fi àyè afẹ́fẹ́ sáàárín rẹ̀ àti páànù, torí ìwọ̀n ooru 25 ni wọ́n fi dán páànẹ́lì wò níléeṣẹ́. Lórí páànù Kétu lọ́sàn-án, ooru ara rẹ̀ lè dé 55 tàbí 60, ó sì máa ń pàdánù bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀. Òjìji tún burú jù. Páànẹ́lì tí a so pọ̀ ní ọ̀wọ́ kan, iná kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá, nítorí náà òjìji táǹkì aládùúgbò lára ẹyọ kan lè fa gbogbo ọ̀wọ́ náà sẹ́yìn. Ilé fún mọ́ra ní àdúgbò wa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gun òkè lọ wò ó.

Ọgbọ́n kan tún wà tí ẹ lè lò ní ṣọ́ọ̀bù. Níbi tí oòrùn ti mú jù, mítà kan níbùú àti lóròó ń gba bíi wáàtì 1,000 ìmọ́lẹ̀, páànẹ́lì tó dára sì lè sọ bíi 220 nínú rẹ̀ di iná. Nítorí náà, páànẹ́lì oníwáàtì 550 gbọ́dọ̀ gùn tó bíi mítà 2.28, kó fẹ̀ tó mítà 1.13. Ẹ mú téèpù ìdíwọ̀n dání. Bí ó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an, ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe òótọ́.

Inverter àti wáyà

Gbogbo ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú fúláàtì wa kò ju wáàtì 650 lọ, àyàfi bí a bá tan pọ́ǹpù. Mọ́tò tó dúró tẹ́lẹ̀ máa ń fa agbára ìbẹ̀rẹ̀ tó tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà ti ìgbà tó bá ti ń yí, fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ohun tó ń pa iná gbogbo ilé nìyẹn. Inverter 3.5 KVA tó dára, tó lè fara da agbára ìbẹ̀rẹ̀, yóò gbé fúláàtì yìí.

Ọ̀rọ̀ wáyà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù, nítorí ẹ̀mí èèyàn wà nínú rẹ̀. Iná alọ-àbọ̀ máa ń kan òdo nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bó ṣe ń yí padà. Bí bréékà bá já, iná tó fẹ́ ta pàrà láàárín ẹnu rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀. Iná ọ̀nà-kan kì í kan òdo. Bó bá ta, á máa jó lọ, á yọ́ ike, á ran ohun tó bá wà nítòsí. Nítorí náà, bréékà tí wọ́n ṣe fún iná ọ̀nà-kan ló gbọ́dọ̀ wà láàárín páànẹ́lì àti inverter, àti láàárín bátìrì àti inverter. Bréékà ilé lásán kò lè ṣe é. Wáyà bátìrì gbọ́dọ̀ nípọn, kó jẹ́ kọ́pà gidi, kí ẹnu rẹ̀ fún dáadáa. Ibi tí ẹnu wáyà bá ti dẹ̀, ẹ ó rí i pé rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa dán, á rọ̀, kọ́pà á dúdú, òórùn ike jíjó á sì máa wá kí èéfín tó yọ. Wáyà ilẹ̀ tó ń darí iná àṣìṣe àti ti mànàmáná sínú ilẹ̀ náà kò ṣeé fò.

Ta ni kí a wá pè?

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbí: ìṣirò, ọjà títà àti títò. Ẹnì kan lè mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ rò pé ẹni tó ń ta ọjà mọ ìṣirò, tàbí pé ẹni tó ti ń wáyà ilé fún ogún ọdún mọ iná ọ̀nà-kan. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí. NEMSA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, tó sì ń dán àwọn oníṣẹ́ iná wò kó tó fún wọn níwèé. COREN ló ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀. Ìwé nìkan kò tó, àmọ́ ó dára ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ ìbéèrè tí oníṣẹ́ náà ń bi yín. Bó bá jẹ́ ìyá tó ń ta ẹja dídì nítòsí ọjà Mile 12 ló pè é, oníṣẹ́ gidi á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, agogo mélòó lẹ máa ń kó ẹja tuntun sínú fìrísà?” Ó mọ̀ pé fìrísà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹrù kì í sinmi fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àti pé ẹja tó wọlé láàárọ̀ yóò jẹ iná oòrùn, èyí tó wọlé lálẹ́ yóò jẹ bátìrì. Á béèrè Band tí ẹ wà, á béèrè bóyá ẹ̀ ń retí ọmọ tàbí àlejò tí yóò fi kún iye èèyàn inú ilé. Ẹni tó dárúkọ owó lórí fóònù kó tó rí ilé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ pe ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin náà ẹ bi í: Ṣé ẹ lè kọ ìṣirò yín sílẹ̀ fún mi? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lóṣù Keje? Bréékà wo lẹ ó fi sáàárín páànẹ́lì àti inverter? Ṣé mo lè bá ẹni tẹ́ ẹ ṣe tirẹ̀ ní ọdún kan sẹ́yìn sọ̀rọ̀? Bí oníṣẹ́ mẹ́ta bá kọ ìṣirò wọn, tí méjì sún mọ́ra tí ẹ̀kẹta sì fi ìdajì dín, ẹ bi í bó ṣe ṣe é kí owó rẹ̀ tó wọ̀ yín lójú. Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Kí owó ọjà dá dúró, kí owó iṣẹ́ dá dúró, kí apá kan sì ṣẹ́kù títí dọjọ́ ìdánwò.

Lọ́jọ́ yẹn, ẹ pa iná ìjọba, ẹ tan gbogbo ohun tó wà nínú bébà, kí ẹ tó wá tan pọ́ǹpù lé wọn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí oníṣẹ́ náà fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru wo ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan lójú yín. Kó kọ́ ẹnì kan nínú ilé bí wọ́n ṣe ń pa gbogbo rẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kó ya àwòrán ọ̀nà tí wáyà gbà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ inverter. Kí ẹ tọ́jú bébà ìṣirò náà pọ̀ mọ́ rìsíìtì. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ra fìrísà tuntun tàbí amúlétutù, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ mú jáde, kí ẹ fi iye tuntun kún un, kí ẹ sì tún un rò kí ẹ tó jáde lọ sọ́jà.